Ẹrù Ìyàwó Lórí Òkè Ìdànrè

Àpò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù mi tí mi ò tíì tú láti ìparí oṣù Ẹ̀rẹ̀nà. Ẹrẹ̀ Ìdànrè ti gbẹ mọ́ ìdí rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ mú bàtà, mo máa rí i; bí mo bá ń gbálẹ̀, mo máa fi ìgbálẹ̀ yí i ká. Ọkọ mi ti bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá mo fẹ́ rìnrìn àjò ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni ò jẹ́ kí n tú u. Gbólóhùn kan ni, tí ìyá àgbà kan tí mi ò mọ̀ rí sọ sí mi lórí òkè. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún rèé tí mo ti ń bá a jiyàn nínú ọkàn mi, bẹ́ẹ̀ obìnrin náà ò sí níbí.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àbúrò mi ló fà á. Ọmọ àbúrò ìyá mi ni, ṣùgbọ́n nílé tiwa a kì í là á báyẹn. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ẹbí ti jọ jẹun, ọjọ́ ńlá ló kù. Nígbà tí wọ́n jókòó ṣírò owó kánópì, àga, ẹran àti ìrẹsì irínwó ènìyàn, ọkọ pa ìwé náà dé. Wọ́n ní àwọn á ṣe ìgbéyàwó kóòtù ní Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, tó bá di Sátidé àwọn á gun Òkè Ìdànrè, àwọn á jẹ́jẹ̀ẹ́ fún ara àwọn lórí àpáta, kí àwọn tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Èmi nìkan ni wọ́n sọ fún. Kò sì jọ mí lójú: wọ́n ń wá ẹni tí yóò di ẹrù.

## Ìlẹ̀kùn tó wà ní ṣíṣí

Ti kóòtù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀jẹ́ orí àpáta dùn létí, ṣùgbọ́n òfin ìgbéyàwó ti ìjọba kò kà á sí. Ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ló mọ̀, tàbí ilé ìjọsìn tó ní ìwé àṣẹ. Wọ́n ti lọ fi orúkọ sílẹ̀ ṣáájú, ọjọ́ 21 ti kọjá láìsí ẹni tó ta kò ó, oṣù 3 tí wọ́n sì fún wọn kò tíì pé. Èmi àti ọ̀rẹ́ ọkọ ni ẹlẹ́rìí méjèèjì. Bí ọ̀rẹ́ ọkọ ṣe fọwọ́ síwèé tán ló wọ mọ́tò padà sí Èkó, iṣẹ́ ń dúró dè é.

Ohun kan ló dá mi dúró níbẹ̀. Òfin náà ní ìlẹ̀kùn gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí, láàárín agogo 10 àárọ̀ sí agogo 4 ìrọ̀lẹ́. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń kọjá lọ lè yà wọlé wá wò ó. Mo wo ẹnu ọ̀nà náà títí. Kò sí ẹni tó yọjú.

## Òjò àkọ́rọ̀

Ìparí Ẹ̀rẹ̀nà lọ́dọ̀ wa kì í ṣe ti ẹ̀ẹ̀rùn, kì í sì í ṣe ti òjò. Òjò oṣù Agẹmọ a máa rọ̀ wẹliwẹli láti àárọ̀, èèyàn lè bá a ṣàdéhùn. Òjò àkọ́rọ̀ kò bẹ́ẹ̀. Láti àárọ̀ ni oòrùn á ti máa ta bí ẹni pé kò ní wọ̀ mọ́, àpáta á fi ooru náà sára. Tó bá di ọ̀sán, okùn dúdú kan á yọ láti ìhà ìlà-oòrùn. Ìjì ló ń kọ́kọ́ dé, tòun ti eruku àti ewé gbígbẹ. Ara á ṣàdédé tutù. Ààrá á sán. Òjò á wá dà bí ẹni da òkúta sórí páànù. Nígbà mìíràn yìnyín á bá a wá. Kó tó pé wákàtí méjì, ó ti lè lọ, kó ku ẹrẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyá mi fi sá kòkó. Òfin rẹ̀ ni pé bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́ lẹ́yìn agogo méjì ọ̀sán, tí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò mì, ká sáré lọ kó kòkó, ká má dúró de ìkúukùu. Fóònù mi ní tirẹ̀ ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún fún mi: ogójì láàárọ̀, ọgọ́ta lọ́sàn-án, ogún lálẹ́, ó tún yí i padà. Ti ìyá mi ni mo gbà.

Mo ní ká ti gòkè ní agogo méje àárọ̀, ká ti sọ̀ kalẹ̀ kí agogo méjìlá tó lù. Ayafọ́tò kọ̀. Ó ní oòrùn ìrọ̀lẹ́ ló ń mú kí àpáta pọ́n nínú fọ́tò, ti ọ̀sán á kàn ṣú òjìji sójú èèyàn ni. Ọkọ ìyàwó wá fi òwe gbè é: ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo ní ó rọrùn fún un láti sọ bẹ́ẹ̀, èmi ni mo máa gbé àáké.

## Ohun tí mo dì

Gbogbo wa la mọ ohun tí à ń pè ní ẹrù ìyàwó: iṣu, oyin, obì, orógbó, ataare, iyọ̀, àádùn, ẹja gbígbẹ, àpótí aṣọ. Agboòrùn náà máa ń wà níbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí agboòrùn yẹn ti ń pa mí lẹ́rìn-ín nílé ìdána. Wọ́n á fi ọ̀rá dídán wé e, wọ́n á so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn, kò ní sí ẹni tó máa ṣí i títí tí ìyàwó á fi bímọ méjì. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí di ti àbúrò mi, agboòrùn ni mo kọ́kọ́ mú, òun náà ni mo kọ́kọ́ yọ. Lórí àpáta gbalasa, ìjì kan á yí i sódì. Irin tó nà sókè lábẹ́ mànàmáná kò sì sí lára ohun tí mo fẹ́ kí ìyàwó dì mú. Aṣọ òjò oníràbà mẹ́ta ni mo fi rọ́pò rẹ̀: ti ìyàwó, ti ọkọ, ti kámẹ́rà.

Aṣọ ló gba àròjinlẹ̀ jù. Ọkọ fẹ́ wọ agbádá aṣọ òkè. Mo ní aṣọ òkè tó bá ti mu omi kì í ṣe aṣọ mọ́, ẹrù ni, kò sì gbẹ bọ̀rọ̀. Fìlà rẹ̀ nìkan ni mo jẹ́ kó mú. Ìyàwó fẹ́ gèlè gíga tó le kankan, èyí tí wọ́n ń dì sílẹ̀ láti ilé. Nínú ìjì, ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi nìyẹn. A fi aṣọ rírọ̀ wé orí rẹ̀, mo fi pínnì mẹ́rin gún un mọ́ irun.

Gáùn rẹ̀ ni wàhálà. Àdìrẹ aláró gidi ni, tuntun kíní kíní, ó sì rẹwà, mi ò lè purọ́. Mo sọ fún un pé aró tuntun máa ń ṣí bí omi bá kàn án. Ó ní òun ti rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo dákẹ́. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ká gáùn òwú funfun kan rogodo bí ẹni (kíká rogodo kì í jẹ́ kó rún tó ti ìṣẹ́po), mo sì fi sínú ọ̀rá.

Gbogbo nǹkan ló wà nínú ọ̀rá tirẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Bí ọ̀rá kan bá ya, ọ̀kan ló bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá tẹ́ ọ̀rá dúdú ńlá, èyí tí wọ́n fi ń kó ìdọ̀tí, sí inú àpò kí n tó kó wọn sí i. Inú ni kí ẹ tẹ́ ẹ sí: èyí tí ẹ bá fi bo ẹ̀yìn àpò, ìjì á ṣí i lọ, ojú rírán èjìká sì ni omi ń bá wọlé. Bàtà gogoro wà nínú àpò, kánfáàsì onírọ́bà wà lẹ́sẹ̀. Táwẹ̀ẹ̀lì méjì, tọ́ọ̀ṣì, abẹ́rẹ́ pẹ̀lú òwú funfun àti dúdú, pínnì mẹ́wàá, tíì gbígbóná nínú fúláàsìkì, mọ́ín-mọ́ín elewé, ẹ̀pà, píọ̀ wọ́tà, ọ̀rá òfìfo tí a ó fi kó ìdọ̀tí wa sọ̀ kalẹ̀. Òrùka méjèèjì kò wọ àpò rárá. Mo so wọ́n mọ́ ìṣẹ́tí ìró mi bí ìyá àgbà ṣe ń so owó ọjà, mo sì ń fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí mo fi sí i kẹ́yìn ni ìró fífẹ̀ kan, funfun, tí mo yá lọ́wọ́ ìyá ìyàwó fúnra rẹ̀. Mo ní mo ní òde kan ní Ìdànrè. Irọ́ kọ́.

Nígbà tí mo gbé àpò náà sórí òṣùwọ̀n, kìló 14 ni. Inú mi dùn, mo rò pé mi ò gbàgbé nǹkan kan. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kórí ó má mì: aṣọ ìpààrọ̀ kan ṣoṣo ò sí níbẹ̀ fún èmi alára.

## Iyàrá tí a fi ìró ṣe

Àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè lé ní 660, ibi ìsinmi márùn-ún ló sì wà lójú ọ̀nà. Ní ibi ìsinmi kejì, èjìká mi ti sọ òótọ́ fún mi. Ọmọkùnrin tó ń mú wa gòkè gba àpò náà láìsọ̀rọ̀, ó gbé e bí ẹni gbé ìrọ̀rí. Àwa márùn-ún péré ni: ọkọ, ìyàwó, ayafọ́tò, ọmọkùnrin náà, èmi.

A dé orí òkè, a kọjá láàárín àwọn ilé àtijọ́, a bọ́ sórí àpáta kan tí a ti ń rí Ìdànrè ìsàlẹ̀ pẹ̀lú páànù rẹ̀ rẹrẹẹrẹ. Ayafọ́tò ní ká dúró de oòrùn. A jókòó. A jẹ mọ́ín-mọ́ín. Ìyàwó ń kà á fún ọkọ iye ilé tó rí. Mo wo igbó tó wà nísàlẹ̀ àpáta, mo rí i pé ewé kan ò mì. Mo wo aago: agogo méjì kọjá ogójì ìṣẹ́jú.

Mo ní, "Ẹ dìde." Wọ́n rò pé eré ni. Ọmọkùnrin náà wo ìlà-oòrùn lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí kó ẹrù. Kò gbà ká sá sábẹ́ igi tó sún mọ́ wa jù, ó ní igi tó dá dúró lókè ni ààrá ń wá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà ni ká forí lé. A ò tíì débẹ̀ tí ìjì fi bá wa. Aṣọ òjò ìyàwó ṣí lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó rí apá rẹ̀ kì bọ̀ ọ́, ó fò lọ bí ẹyẹ lékèélékèé, a ò sì rí i mọ́ di bí mo ti ń wí yìí. Òjò bò wá mọ́lẹ̀.

Nígbà tí a wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyàwó ti tutù dé egungun. Aró ti ṣí. Ó ń ṣàn sí i lẹ́sẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dà bí ọwọ́ obìnrin tó jókòó ti ìkòkò aró láti ìdájí. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ó gbọ́dọ̀ pààrọ̀ aṣọ lójú ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kò ní ju ògiri kan lọ. Àwọn ọkùnrin kọ ẹ̀yìn sí wa. Mo fa ìró ńlá yọ, mo nà án. Ìjì gba etí kan. Mo mú ìyẹn, ó gba èkejì. Mo fi eyín dì í mú. Ṣé ẹ ń rí mi? Èmi tí mo di kìló 14 láìgbàgbé ohunkóhun.

Obìnrin méjì ti wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ṣáájú wa, tí wọ́n ń ti oko bọ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìkíni tí mo kí wọn ò ju ìdajì lọ nígbà tí mo sáré wọlé. Wọ́n dìde. Àgbà wọn mú etí ìró kan, ìkejì mú òmíràn, wọ́n tì í mọ́ ògiri, wọ́n sì fi ara ti ìjì. Ìró dúró gbagidi, ó di iyàrá. Ìyàwó wọ inú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ aṣọ.

Ibẹ̀ ni ìyá àgbà náà ti kọjú sí mi. Èdè Ìdànrè ló ń sọ, ṣùgbọ́n ó yé mi.

"Ta ló sin ìyàwó yìí wá?"

Mo ní, "Èmi ni, Mà."

"Ìwọ àti ta?"

"Èmi nìkan ni, Mà. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó nílò ni mo dì."

Ó wo àpò náà tó wà nílẹ̀, tí omi ń kán lára rẹ̀. Ó ní, "Ẹrù lo gbé. O ò tíì sin ìyàwó."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni tó tọ́ ọbẹ̀ wò tó ní iyọ̀ kò tó ni. Ó tún ìró dì mú dáadáa.

Abẹ́ páànù yẹn ni wọ́n ti jẹ́jẹ̀ẹ́. Ariwo òjò pọ̀ débi pé igbe ni wọ́n fi ń ké e fún ara wọn. Mo tú òrùka kúrò ní ìṣẹ́tí ìró mi pẹ̀lú ìka tó ti kú tipiri. Àwọn obìnrin méjèèjì ń ṣe "Àṣẹ" sí ohun tí wọ́n gbọ́ àti ohun tí wọn ò gbọ́. Kò sí àpáta pípọ́n nínú fọ́tò náà. Ògiri amọ̀ ló wà níbẹ̀, ìyàwó nínú gáùn funfun tó rún díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ aláwọ̀ aró nínú ọwọ́ ọkọ. Nígbà tí òjò dá, àwọn obìnrin náà gbé apẹ̀rẹ̀ karí, wọ́n lọ. Mi ò bèèrè orúkọ wọn. Àpáta ń yọ̀ bí ilá, ìdí ni mo fi sọ̀ kalẹ̀ nínú ìdajì àtẹ̀gùn náà, tòtútù-tòtútù, nínú aṣọ kan ṣoṣo tí mo ní.

## Ohun tí mo ń bá a fà

Láti ìgbà náà ni mo ti ń dá a lóhùn. Mo ní, Mà, ṣé ẹ mọ iye tí irínwó ènìyàn ń jẹ? Mo mọ tọkọtaya kan tó san gbèsè ìgbéyàwó títí ọmọ wọn fi ń rìn. Mo mọ àwọn àǹtí tó máa ka iye ẹran inú àwo wọn kí wọ́n tó súre fún ìyàwó. Ẹbí náà a máa jà bí ìjì nígbà mìíràn, òun gan-an ni àwọn ọmọ wọ̀nyí ń sá fún. Mo ṣì dúró lórí èyí. Wọn ò jẹ̀bi pé wọn ò pe irínwó.

Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò sọ pé irínwó. Èmi ni mo ń fi sí i lẹ́nu kí n lè rí i borí.

Mo wá ń ronú àwọn òde ìyàwó tí mo ti lọ. Mi ò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti di pínnì rí. Bí ìdè aṣọ ìyàwó bá já, ìyá kan á na ọwọ́ sí àyà búbá rẹ̀, pínnì á jáde. Kò sí ẹni tó ń di tíì; àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ò ju pé kí wọ́n fi túláàsì fún ìyàwó ní nǹkan jẹ. Bí òjò bá dé, àwọn géńdé á gun orí àga, wọ́n á fi igi ti omi dànù lórí kánópì. Ohun gbogbo tí mo ká sínú ọ̀rá lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, ènìyàn kan ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóde mìíràn. Ọwọ́ ni mi ò rí ká sí ọ̀rá. Ìró ní etí mẹ́rin, èmi ní ọwọ́ méjì.

Àwọn ilé tó yí wa ká níbẹ̀ náà ń bọ̀ sí mi lọ́kàn. Ní àwọn ọdún 1920 ni àwọn ará Ìdànrè ti ń kó kúrò lókè wá sí ìsàlẹ̀. Gbogbo wọn ló di ẹrù, orí àpáta kan náà yìí ni wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀. Lónìí, ohun tí wọn ò kó ni àlejò ń gòkè lọ wò, òun náà ló mú kí orúkọ òkè náà wà lórí ìwé tí Nàìjíríà fi ránṣẹ́ sí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ní 2007. Síbẹ̀ ó dá mi lójú pé kò sí ilé tó dá ẹrù tirẹ̀ gbé sọ̀ kalẹ̀. Ẹni kan á di orí mú, ẹni kan á di ìdí mú.

Àwọn ènìyàn ti ń bi mí, nígbà tí wọ́n rí fọ́tò náà, pé kí ni kí àwọn dì bí àwọn bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn nípa ọ̀rá dúdú àti kánfáàsì, mo sì máa ń ní kí wọ́n gòkè láàárọ̀, kí wọ́n fi ayafọ́tò sílẹ̀ bó bá kọ̀. Lẹ́yìn náà mo máa ń ní kí wọ́n yọ bàtà gogoro, kí wọ́n mú obìnrin méjì tí ẹnu wọn mú. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi pàápàá kò mọ ohun tí mò ń wí. Inú ìró ló wà, ariwo òjò kò jẹ́ kó gbọ́. Èmi nìkan ni ìyá náà bá wí.

## Aró

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n pe àwọn òbí. Ìyá ìyàwó kò pariwo. Ó dákẹ́ pẹ́, ó wá bèèrè bóyá wọ́n ti jẹun.

Ìró rẹ̀ ni mi ò lè kojú. Ó wà ní ìsàlẹ̀ àpò, aró gáùn ọmọ rẹ̀ sì ti gbà á. Ẹni tó bá mọ aró mọ̀ pé mo lè fi ọṣẹ pa á títí di ọdún tó ń bọ̀, kó má lọ.

Ó dé sílé mi lọ́sẹ̀ tó kọjá láìsọ tẹ́lẹ̀, ó ní òun wá gba aṣọ òun. Mo lọ mú un wá. Ó tẹ́ ẹ sórí àga, ó fọwọ́ tẹ̀ lé àbàwọ́n náà. Ó tó ibi tí èèyàn dúró sí: àárín ló dúdú jù, ó ń ṣá lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ní ẹ̀bá, àtàǹpàkò aláwọ̀ aró hàn níbi tí àbúrò mi ti di ìró náà mú láti inú. Ìyá rẹ̀ fi àtàǹpàkò tirẹ̀ lé e. Ó wo etí kan, ó wo èkejì níbi tí kò sí àbàwọ́n rárá.

Ó ní, "Ta ló bá ọ di ibí mú?"

Mo ní obìnrin méjì kan ni, tí wọ́n ń ti oko bọ̀. Mo ní mi ò bèèrè orúkọ wọn.

Ó ká ìró náà, ó fi há abíyá. Ó ní bí òjò bá dá díẹ̀, ká jọ lọ wá wọn, kí n wá ẹni tó máa bá wa gbé obì àti ọtí gòkè, nítorí orúnkún òun.